Áàpù Tí A Fọwọ́ Kọ́

Ojú dúdú ni kọ̀ǹpútà kọ sí wa, lẹ́tà funfun sì ń tò síbẹ̀ ní ìlà-ìlà. Kò sí àwòrán, kò sí bọ́tìnnì kan téèyàn á tẹ̀ kí iṣẹ́ máa lọ fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ áàpù fún fóònù Android ló ń lo Android Studio, tí Google kéde ní 2013. Gbogbo irinṣẹ́ ló wà nínú rẹ̀, ó sì ń bo oríkèé iṣẹ́ mọ́lẹ̀ kí èèyàn má baà rí i. Ọ̀dọ́mọbìnrin tí mo jókòó tì ní Agbowó, ní Ìbàdàn, kì í lò ó. Kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ kò ní ju RAM 4 GB lọ, bẹ́ẹ̀ Google fúnra rẹ̀ ní 8 GB ló kéré jù tí Android Studio ń fẹ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe tìtorí àìní nìkan. Ó ní òun fẹ́ mọ ohun tí irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń ṣe, kí òun lè mọ èyí tí òun máa bá wí nígbà tí iṣẹ́ bá bàjẹ́.

Iṣẹ́ tó wà níwájú rẹ̀ kò tóbi. Alájọ kan ní ọjà Bódìjà ló fẹ́ kí wọ́n bá òun gbé káàdì àjọ sórí fóònù. Ẹni tó bá ti dá àjọ ojoojúmọ́ rí mọ káàdì náà: páálí pẹlẹbẹ, orúkọ oníbàárà lókè, ilé kéékèèké onígun mẹ́rin 31 nísàlẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ọjọ́ kan nínú oṣù. Bí owó bá ti wọlé, alájọ á fi bírò sàmì sí ilé ọjọ́ náà. Nígbà tí oṣù bá parí, owó ọjọ́ kan á jẹ́ ti alájọ, ìyókù á padà sọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Áàpù náà kò ju èyí lọ: orúkọ, iye owó, ilé 31, àmì.

Àpótí irinṣẹ́ tó ń lò wà lójú ewé kan náà tí Google ti ń fi Android Studio síta, àmọ́ nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí ojú ẹni tó ń kánjú kì í dé. "Command line tools only" ni wọ́n kọ sí i. Fáìlì zip kan ni, kò tó 200 MB. Kó tó tú u, ó dá fódà kan tó ń jẹ́ cmdline-tools, ó dá òmíràn tó ń jẹ́ latest sínú rẹ̀, inú èyí ló wá kó ẹrù náà sí. Ó nídìí. Irinṣẹ́ kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ sdkmanager, òun ló ń lọ gbé àwọn irinṣẹ́ yòókù wá. Kí ó tó lọ, á kọ́kọ́ wo ibi tí òun fúnra rẹ̀ dúró sí, ibẹ̀ ló ti ń mọ ibi tí ilé wà. Bí fódà kan bá dín, á ní òun kò mọ gbòǹgbò SDK, ìyẹn àpótí irinṣẹ́ náà, á sì kọ̀ láti ṣiṣẹ́. Ibi yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ẹni tó jẹ́ àjòjì sí àpótí yìí ti ń kọsẹ̀.

Ohun mẹ́ta ló ní kó gbé wá: platform-tools, build-tools;34.0.0 àti platforms;android-34. Ó fi àmì àyọlò ká orúkọ méjì tó kẹ́yìn, torí pé lójú dúdú tó ń kọ àṣẹ sí yìí, àmì tó wà láàárín wọn yẹn túmọ̀ sí pé àṣẹ kan ti parí. Láìsí àmì àyọlò, gbólóhùn á gé sí méjì. Ìwé àdéhùn jáde, ó kà á (mo rí i pé ó kà á lóòótọ́), ó tẹ y. Kò gbé emulator wá, ìyẹn fóònù inú kọ̀ǹpútà tí àwọn míì fi ń dánwò: á jẹ dátà púpọ̀, kọ̀ǹpútà rẹ̀ kò sì ní lè gbé e. Java 17 ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ wọlé tán, ó pa íntánẹ́ẹ̀tì, kò sì tún tàn án mọ́ títí áàpù fi délẹ̀.

Fáìlì àkọ́kọ́ tó kọ ni AndroidManifest.xml. Níbẹ̀ ni áàpù ti ń sọ ẹni tí òun jẹ́ fún fóònù. Ó fún un lórúkọ tí kò gbọ́dọ̀ bá ti áàpù mìíràn mu, torí áàpù méjì tó ń jẹ́ orúkọ kan náà kò lè gbé inú fóònù kan pọ̀. Ó dárúkọ ojú ìwé kan ṣoṣo tí áàpù ní, ó sì kọ ọ̀rọ̀ méjì sí abẹ́ rẹ̀, MAIN àti LAUNCHER. Àwọn méjèèjì yìí ló ń jẹ́ kí àwòrán áàpù jáde láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lójú fóònù. Ó kọ exported="true" tẹ̀ lé e, nítorí áàpù tó bá ń fojú sun Android 12 sókè kì í rí ọ̀nà wọlé bí kò bá kọ ọ́ síbẹ̀. Níbi tí àwọn ẹlòmíì ti máa ń to ẹ̀bẹ̀ sí, pé kí fóònù jẹ́ kí áàpù dé ibi íntánẹ́ẹ̀tì, ibi kámẹ́rà, ibi orúkọ àwọn èèyàn ẹni, kò kọ nǹkan kan. Mo bi í bóyá ó gbàgbé ni. Ó ní rárá, káàdì páálí náà kì í béèrè irú ẹ̀.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ tí alájọ máa kà. Fódà kan wà tó ń jẹ́ res, inú rẹ̀ ni values wà, inú values ni strings.xml wà. Ọ̀nà tí wọ́n fi ń kọ́ni ni pé kí Gẹ̀ẹ́sì wà nínú values, kí Yorùbá wà nínú òmíràn tó ń jẹ́ values-yo, kí fóònù máa ṣa èyí tó bá èdè rẹ̀ mu. Òun kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó mọ̀ pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ṣe fóònù alájọ sí láti ilé ìtajà, kò sì sẹ́ni tó máa yí i padà. Inú values lásán ni ó kọ Yorùbá sí, kò sì dá fódà èdè kankan kún un. Values lásán ni fóònù ń padà sí nígbà tí kò bá rí èdè tó ń wá, nítorí náà, bí wọ́n ṣe fóònù yẹn sí Faransé pàápàá, "Orúkọ", "Iye owó" àti "Ó ti wọlé" ló máa jáde. Ọgbọ́n kékeré ni, ó sì wù mí ju ọ̀pọ̀ ọgbọ́n ńlá lọ.

Ó lo àkókò púpọ̀ lórí lẹ́tà. À tó ń bẹ nínú "àjọ" tàbí "bàbá" ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú ètò lẹ́tà gbogbo ayé tí wọ́n ń pè ní Unicode: àmì ohùn àti lẹ́tà ti di ọ̀kan. Ẹ́ kò ní nọ́ńbà bẹ́ẹ̀. Ẹ tó ní kókó nídìí ní tirẹ̀, U+1EB9, àmì ohùn òkè ní tirẹ̀, U+0301, méjèèjì á wá dúró ti ara wọn kí ojú wa tó rí wọn bí ẹyọ kan. Ó fi irinṣẹ́ kan tó ń jẹ́ xxd ṣí fáìlì náà hàn mí ní báìtì. Fún ẹ́ kan ṣoṣo, báìtì márùn-ún ló tò síbẹ̀: e1 ba b9 cc 81. Ohun tó ń bà á lẹ́rù wà níhìn-ín. Kíbọ́ọ̀dù fóònù míì máa ń kọ́kọ́ kọ é, kó tó wá fi kókó sí i nídìí. Lójú wa, Adérónkẹ́ ni Adérónkẹ́ ń jẹ́. Lójú fóònù, báìtì méjèèjì kò bára mu, torí náà bí alájọ bá fi kíbọ́ọ̀dù kan kọ orúkọ oníbàárà, tó sì fi òmíràn wá a lọ́jọ́ kejì, áàpù á ní òun kò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Java ní ohun èlò fún un, Normalizer, tó ń to kókó àti àmì ohùn sí ọ̀nà kan náà láìka bí wọ́n ṣe kọ ọ́ wọlé sí. Gbogbo orúkọ tó bá ń wọ áàpù yìí gbọ́dọ̀ gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Kóòdù ìlà kan ni. Mo ti rí áàpù báńkì tí kò ní in.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ àti ìtò ojú ìwé tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó pe irinṣẹ́ àkọ́kọ́ láti inú build-tools: aapt2. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń pè é. Ìpè àkọ́kọ́, compile, máa ń mú fáìlì kọ̀ọ̀kan nínú res, á lọ̀ ọ́ kúrò ní ọ̀rọ̀ tí èèyàn lè kà, á sì sọ ọ́ di fáìlì tí orúkọ rẹ̀ parí sí .flat. Àǹfààní ibẹ̀ ni pé bó bá tún ọ̀kan ṣe lọ́la, ẹyọ yẹn nìkan ló máa tún lọ̀. Ìpè kejì, link, ló ń kó gbogbo .flat pọ̀ mọ́ manifest. Ó fi hàn án ibi tí android.jar wà, ó sọ fún un pé fóònù tó kéré jù tí áàpù yìí máa bá ṣiṣẹ́ ni ti Android 7.0, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 24. Ohun méjì ló jáde. Ọ̀kan ni base.apk, tí kò tíì ní kóòdù nínú. Ìkejì ni fáìlì Java kan, R.java, tí kò sí ọwọ́ èèyàn nínú rẹ̀.

Ó ṣí R.java fún mi. Nọ́ńbà ló kún inú rẹ̀, gbogbo wọn ló sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 0x7f. Ó gé ọ̀kan sí wẹ́wẹ́ fún mi lórí bébà: 7f ni pé ohun ìní áàpù ni, kì í ṣe ti Android fúnra rẹ̀ (ti Android máa ń jẹ́ 01). Méjì tó tẹ̀ lé e ni irú ohun tó jẹ́, bóyá ọ̀rọ̀ ni tàbí ìtò ojú ìwé. Mẹ́rin tó kẹ́yìn ni ipò rẹ̀ láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Láti ìgbà yìí lọ, "Ó ti wọlé" kò jẹ́ "Ó ti wọlé" mọ́ nínú kóòdù. Nọ́ńbà ni, fóònù ni yóò sì tú u padà sí ọ̀rọ̀ nígbà tó bá fẹ́ fi hàn.

Kóòdù Java fúnra rẹ̀ kò gba ojú ìwé mẹ́ta. Kò yá ohun kankan lọ́wọ́ ẹlòmíì: Activity tó wà nínú Android láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ló lò, SQLite tó wà nínú gbogbo fóònù Android ló sì fi ń tọ́jú owó. Ó kọ ohun tó ń ka oókan dé mọ́kànlélọ́gbọ̀n, tó ń ya ilé kan fún nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan. Ó pe javac. Javac kò sọ nǹkan kan. Bí javac bá dákẹ́, ó ti gbà nìyẹn.

Ohun tó jẹ́ kí javac gbà ni android.jar, mo sì fẹ́ dúró díẹ̀ lórí rẹ̀. Gbogbo orúkọ tí Android ní ló wà nínú rẹ̀: Activity, Button, TextView, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn. Mo rò pé iṣẹ́ wọn náà wà níbẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó pe irinṣẹ́ kan tó ń jẹ́ javap, ó ní kó tú ikùn Activity síta. Lábẹ́ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ohun kan náà ló ń jáde: dá àṣìṣe kan sílẹ̀, kọ "Stub!" sára rẹ̀, jù ú. Lábẹ́ èyí tó tẹ̀ lé e, "Stub!". Lábẹ́ òmíràn, "Stub!". Ẹnu ọ̀nà ni gbogbo rẹ̀, kò sí yàrá kankan lẹ́yìn rẹ̀. Javac kò nílò yàrá. Ó kàn fẹ́ mọ̀ pé ẹnu ọ̀nà tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ wà, irú ohun tó ń gbà wọlé, àti irú ohun tó ń jáde níbẹ̀. Inú fóònù ni iṣẹ́ gidi wà. Nígbà tí Google kọ́kọ́ fi àpótí irinṣẹ́ yìí síta ní oṣù kọkànlá ọdún 2007, kò tíì sí fóònù Android kankan lọ́jà. Oṣù kẹwàá ọdún 2008 ni HTC Dream, tí í ṣe àkọ́kọ́, tó dé ọwọ́ èèyàn ní Amẹ́ríkà. Nǹkan bí oṣù mọ́kànlá làwọn tó fẹ́ràn iṣẹ́ yìí fi ń kọ áàpù fún fóònù tí wọn kò tíì fọwọ́ kàn.

Ohun tí javac mú jáde, fóònù Android kò gbọ́ èdè rẹ̀. D8 ló ń túmọ̀ rẹ̀. Fáìlì .class mélòó kan ló kó fún un, kíláàsì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àkójọ orúkọ àti ọ̀rọ̀ tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú àwọn orúkọ yẹn ló jọ ara wọn. D8 da gbogbo àkójọ náà pọ̀, ó yọ àwọn tó jọra, ó fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì to wọ́n. Ó tún yí ọ̀nà ìṣirò padà. Nínú kóòdù javac, bí a bá fẹ́ ro nọ́ńbà méjì pọ̀, a ó gbé ọ̀kan kalẹ̀, a ó gbé ìkejì lé e lórí, a ó wá ní kí a ro méjì òkè pọ̀. Nínú ti d8, nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ní àyè tó lórúkọ, v0, v1, v2, àṣẹ kan ṣoṣo á sì sọ pé ro èyí mọ́ èyí, fi sí ibẹ̀ yẹn. Àṣẹ dín kù. Dan Bornstein ló ṣe ẹ̀rọ tí wọ́n dá ètò yìí sílẹ̀ fún, ó sì sọ ọ́ ní Dalvik, orúkọ ìlú apẹja kan ní Iceland. Láti orí Android 5.0 ni ẹ̀rọ mìíràn, ART, ti gba ipò rẹ̀, àmọ́ fáìlì náà ṣì ń jẹ́ classes.dex. Ó wo báìtì mẹ́jọ àkọ́kọ́ rẹ̀: dex, ìlà tuntun, 037, òdo kan. Ó mi orí, ó ń bá iṣẹ́ lọ. Mi ò tíì mọ ìdí tó fi wò ó.

Fáìlì APK kò ju zip lọ. Ẹnikẹ́ni tó bá ṣí i á rí lẹ́tà méjì níwájú rẹ̀, PK, ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ Phil Katz tó dá zip sílẹ̀. Nítorí náà, zip lásán ló fi ti classes.dex bọ inú base.apk, pẹ̀lú -j lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí zip má baà gbé orúkọ fódà wọlé pẹ̀lú rẹ̀. Bí dex bá wọnú fódà, fóònù kò ní wá a débẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni zipalign. Fóònù kì í fẹ́ ṣe àdàkọ àwọn fáìlì tí a kò fún mọ́ra kó tó kà wọ́n. Ó fẹ́ kà wọ́n níbi tí wọ́n wà. Èyí á rọ̀ ọ́ lọ́rùn bí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bá bẹ̀rẹ̀ ní ibi tí a lè fi mẹ́rin pín láìṣẹ́kù. Zipalign á lọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí fáìlì kan bá bẹ̀rẹ̀ ní ibi tí kò yẹ, á fi báìtì òfìfo kan, méjì tàbí mẹ́ta tì í síwájú. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó lásán: áàpù tó bá ń fojú sun Android 11 sókè, bí resources.arsc inú rẹ̀, ìyẹn àtòjọ àwọn ohun inú res, bá jẹ́ èyí tí a fún mọ́ra, tàbí tí kò dúró ní ibi tó yẹ, fóònù á lé e padà lẹ́nu ọ̀nà.

Ìfọwọ́sí ló kù. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lórí fíláàṣì kan tí kì í fi sínú kọ̀ǹpútà àyàfi ìgbà yìí. Keytool ló fi ṣe é nígbà kan: RSA, 2048, kó wúlò fún ọjọ́ 10000, ìyẹn ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ó lé díẹ̀. Ó fi fíláàṣì náà sí i, ó pe apksigner, ó tẹ páásíwọ̀dù tí ojú dúdú kò fi lẹ́tà kankan rẹ̀ hàn. Ètò iṣẹ́ ṣe pàtàkì níhìn-ín, ó sì dúró láti sọ ọ́ fún mi. Láti Android 7.0, ìfọwọ́sí ẹlẹ́ẹ̀kejì, v2, kì í fọwọ́ sí fáìlì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bíi ti àkọ́kọ́, v1. Gbogbo APK ló ń wọ̀n láti báìtì àkọ́kọ́ dé èyí tó kẹ́yìn, á wá ki ìfọwọ́sí náà sáàárín ẹrù inú zip àti àtòjọ orúkọ tó wà ní ìparí rẹ̀. Bí èèyàn bá ṣe zipalign lẹ́yìn èyí, báìtì òfìfo ẹyọ kan á ba gbogbo ìfọwọ́sí náà jẹ́. Zipalign ló gbọ́dọ̀ ṣáájú, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ á tún padà sẹ́yìn. Ó ní kí apksigner fúnra rẹ̀ yẹ iṣẹ́ wò: v1, false, v2, true. Ó yọ fíláàṣì, ó fi í sápò. Gbogbo áàpù náà kò tó 30 KB. Fọ́tò kan tí èèyàn fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp á jù ú lọ nílọ̀ọ́po púpọ̀.

Ní Bódìjà, lábẹ́ agbòjò alájọ, ó gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, ó wọ inú Settings, ó sì tẹ Build number lẹ́ẹ̀meje. Ibẹ̀ ni ilẹ̀kùn àwọn oníṣẹ́ wà, kò sì sí àmì kankan lára rẹ̀. Ó so wáyà. Fóònù béèrè bóyá kọ̀ǹpútà yìí ṣeé fọkàn tán, ó fi àmì ìka kọ́kọ́rọ́ kọ̀ǹpútà náà hàn, ọ̀dọ́mọbìnrin náà tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Ó pe adb láti inú platform-tools: adb install. Success.

Alájọ gbé dígí ojú rẹ̀ wọ̀. Ó kọ orúkọ oníbàárà kan, ó sàmì sí ilé àkọ́kọ́, ó dúró.

"Ọmọ mi, ilé àkọ́kọ́ yẹn, tèmi ni. Kí ló dé tí àwọ̀ rẹ̀ bá ti àwọn yòókù mu?"

"Ẹ má bínú, Mà. Ẹ jẹ́ kí n tún un ṣe."

"Ṣé kò sì ní jẹ dátà mi?"

"Kò ní jẹ ẹ́, Mà. Kò mọ ọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì rárá."

Ó gbé kọ̀ǹpútà lé itan. Ó fi àwọ̀ aró sí ilé àkọ́kọ́ nínú kóòdù, ó yí versionCode láti 1 sí 2 kí fóònù mọ èyí tó jẹ́ tuntun. Ó ti kọ àwọn àṣẹ náà tẹ̀ léra nínú fáìlì kan báyìí, pẹ̀lú set -e lókè rẹ̀ kí iṣẹ́ dúró níbi tí àṣìṣe bá ti ṣẹlẹ̀. Aapt2, aapt2, javac, d8, zip, zipalign, apksigner: mo ń gbọ́ orúkọ wọn nínú orí mi bí ìlà ṣe ń kọjá, kò sì pẹ́. Nígbà tí áàpù tuntun wọlé, orúkọ oníbàárà tí alájọ kọ ṣì wà níbẹ̀, nítorí kọ́kọ́rọ́ kan náà ló fọwọ́ sí méjèèjì. Bí kọ́kọ́rọ́ bá yàtọ̀ ni, fóònù á kọ̀ ọ́, wọ́n á sì ní láti kọ́kọ́ yọ ti tẹ́lẹ̀ pẹ̀lú gbogbo owó tó wà nínú rẹ̀.

Ọmọkùnrin kan wà tó ń bá alájọ gba owó ní ìsọ̀ àwọn aláta, oníbàárà tirẹ̀ lọ́tọ̀. Alájọ ní kí wọ́n fi sórí fóònù tirẹ̀ náà. Wọ́n so wáyà mọ́ ọn, èsì tó jáde ni INSTALL_FAILED_OLDER_SDK. Fóònù náà ti pẹ́, Android 6.0 ló wà lórí rẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀ sì jẹ́ 23.

Ojú ọ̀dọ́mọbìnrin náà kò yí padà. Ó ṣí fáìlì àṣẹ, ó wá 24 lọ sí ibi tí aapt2 ti ń link, ó sọ ọ́ di 23. Ó wá a lọ sí ibi d8, ó sọ ọ́ di 23. Mo ní kó má gbàgbé apksigner. Ó ní a kì í sọ fún apksigner, inú manifest ló ti ń ka tirẹ̀. Ó jẹ́ kí iṣẹ́ lọ, ó sì tún wo báìtì mẹ́jọ àkọ́kọ́ classes.dex. 037 ti di 035: d8 ti padà sí èdè tí fóònù àtijọ́ náà gbọ́. Ó yẹ ìfọwọ́sí wò. Android 6.0 kò mọ v2, nítorí náà apksigner ti fi èyí tó mọ̀ kún un, èyí tó ń fọwọ́ sí fáìlì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú fódà META-INF tí kò sí nínú zip tẹ́lẹ̀. V1, true. V2, true. Ó so wáyà padà mọ́ fóònù ọmọkùnrin náà, ó tẹ adb install.